Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Wà? Ìtàn Bí Àwọn Àpò Ìrànwọ́ Kékeré Ṣe Ń Yan Ẹgbẹ́ Obìnrin

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ó rí nígbà tí a bá fẹ́ fi owó ran ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ní Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, ni ó ń dá owó jọ lọ́dọọdún láti fi ran àwọn obìnrin lọ́wọ́ nílé. Níbi àríyá òpin ọdún, níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí, a ó gbé igbá kiri, oníkálukú yóò sì fi ohun tí agbára rẹ̀ ká sí i. Owó náà kì í pọ̀ lọ títí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí owó bá jọ tán ni iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni kí a fún? Ta ni kí a dá lóhùn pé owó kò kárí? Báwo ni a ó sì ṣe mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tí a ní lọ́kàn ni owó náà dé?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń gbà yàn. Àwọn kan a fún ẹgbẹ́ tó wà ní ìlú alága wọn. Àwọn mìíràn a fún ẹgbẹ́ tí ẹnìkan nínú wọn mọ olórí rẹ̀. Àwọn tó kù a fún ẹgbẹ́ tí lẹ́tà rẹ̀ dára jù lọ, tí a tẹ̀ sórí bébà olórúkọ, tí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ sì já gaara. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a mọ ènìyàn, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì tó dára. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni kò ní bébà olórúkọ. Ọ̀pọ̀ tó sì ní bébà olórúkọ ni kò ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́.

A fẹ́ wo ẹ̀yìn wò nínú àròkọ yìí, nítorí pé ìbéèrè yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Àwọn mìíràn ti bá a jà ṣáájú wa, lára wọn sì ni àwọn ìyá wa tí kò mọ̀wé rárá. Bí a bá tẹ́tí sí ìtàn wọn, a ó rí i pé àwọn tó fi owó kékeré ṣe ohun ńlá máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun kan ṣoṣo: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ àpótí wà? Iye obìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ nìkan kò tó. Orúkọ obìnrin tó wà lórí ìwé nìkan kò tó. Ẹni tó ń pinnu ibi tí owó ń lọ ni kí a wá.

Èsúsú ni ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́

Kí báńkì tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn ìyá wa ti ń dá èsúsú. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan, William Bascom, sì kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Nítorí àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín, ẹ jẹ́ kí á tún un sọ bí ó ṣe ń lọ. Bí obìnrin mẹ́wàá bá ń dá iye kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnìkan yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ kìíní, ẹlòmíràn yóò kó o lọ́sẹ̀ kejì, títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Ó yàtọ̀ sí àjọ, níbi tí oníkálukú ti ń fi owó tirẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́ alájọ, tí alájọ yóò sì mú owó ọjọ́ kan ní òpin oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀.

Lójú àwa tí ìṣirò owó jẹ́ iṣẹ́ wa, ohun ìyanu ni èsúsú. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti di ajigbèsè sí àwọn mẹ́sàn-án yòókù lọ́jọ́ náà. Kò sí ìwé àdéhùn, kò sí agbẹjọ́rò, kò sí ohun ìdógò. Gbogbo ewu rẹ̀ wà nínú yíyan ènìyàn. Nítorí náà ni olórí èsúsú ṣe máa ń farabalẹ̀ yàn. Ó fẹ́ mọ agboolé tí obìnrin náà ń gbé. Ó fẹ́ mọ ọjà tí ó ń tà àti bí ó ti pẹ́ tó nídìí rẹ̀. Ó fẹ́ mọ ẹni tí yóò ṣe onídùúró fún un. Bí obìnrin náà bá ti dá èsúsú rí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń dá a nìṣó lẹ́yìn tí ó ti kó tirẹ̀ tán. Ìgbà tí owó bá sì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ojú gbogbo wọn ni ó ń ṣe. Orí ni ìwé owó wọn wà, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní yunifásítì tí a lọ nílẹ̀ òyìnbó, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi kọ́ wa ní ohun tí ìyá aláta ní ọjà Ìta Ògbólú mọ̀ láìka ìwé kankan: ìṣirò tí gbogbo ènìyàn lè rí kì í sábà ní àbùkù.

Nígbà tí a kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí òkè òkun, ìmọ̀ yìí bá wọn lọ. Ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é títí di òní. Àwọn ará Jamaica tó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ní irú rẹ̀ tiwọn, tí wọ́n ń pè ní pardner, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sì fi ra ilé ní àkókò tí báńkì kì í fẹ́ yá aláwọ̀ dúdú lówó.

Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl, a rí Irmandade da Boa Morte, èyí tí a lè pè ní Ẹgbẹ́ Ikú Rere. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìtàn ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Salvador, kí ó tó wá fìdí kalẹ̀ sí ìlú Cachoeira. Obìnrin aláwọ̀ dúdú nìkan ni ọmọ ẹgbẹ́ náà, àwọn Nàgó, ìyẹn àwa Yorùbá, sì wà lára wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń dá owó jọ láti fi sin òkú ara wọn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, àti láti fi ra ẹrú sílẹ̀ lóko ẹrú. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń yan àwọn tí yóò bójú tó ọdún wọn nínú oṣù Kẹjọ, akápò sì wà lára àwọn olóyè náà. Ẹ kíyè sí i: àwọn obìnrin tí òfin ìlú kò kà sí ènìyàn ní akápò tiwọn, wọ́n sì ń yan olóyè wọn fúnra wọn.

Ẹgbẹ́ obìnrin Abẹ́òkúta: ṣáájú 1944 àti lẹ́yìn rẹ̀

Ṣùgbọ́n kí obìnrin mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ nìkan ha tó bí? Ìtàn Abẹ́òkúta fi hàn wá pé ó kù díẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1932 ni Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti dá Abẹ́òkúta Ladies' Club sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó kàwé, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ onígbàgbọ́, ni ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ń kọ́ oúnjẹ sísè, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ilé. Iṣẹ́ rere ni. Ní 1944, àwọn obìnrin ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ wọn. Kò pẹ́ tí àwọn olùkọ́ fi di akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́jà yìí ni wọ́n ti gbọ́ ohun tí ojú obìnrin ń rí lọ́jà. Wọ́n gbọ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn tipátipá ní àkókò ogun. Wọ́n sì gbọ́ nípa owó orí.

Láti 1918 ni obìnrin ti ń san owó orí ní Abẹ́òkúta lọ́tọ̀ sí ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ni ó ti wọ̀ ọ́, nígbà tí ọmọkùnrin ń dúró di ọdún 16. Síbẹ̀ obìnrin kan kò sí nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ohun tí a ó fi owó náà ṣe. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà sí Abẹ́òkúta Women's Union. Ìyá Ransome-Kuti bẹ̀rẹ̀ sí í ró ìró bí àwọn ọlọ́jà, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ níbi ìpàdé, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ilé ẹlòmíràn ni òun wà. Ní òpin oṣù Kọkànlá 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 ni ó kóra jọ síwájú ààfin. Nínú oṣù Kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀, kò sì padà títí di òpin 1950. Wọ́n dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Owó tí àwọn obìnrin fúnra wọn ń dá ni wọ́n fi ja ìjà náà.

Ẹ jẹ́ kí á wá rò ó wò. Ká ní olówó kan ti òkè òkun wá ní 1935, tó ní òun fẹ́ ran ẹgbẹ́ obìnrin Abẹ́òkúta lọ́wọ́. Yóò bá àwọn obìnrin tó mọ Gẹ̀ẹ́sì, tí akọ̀wé wọn lè kọ lẹ́tà tó dùn ún kà. Obìnrin ni alága, obìnrin ni akọ̀wé, obìnrin ni akápò. Gbogbo ohun tí olówó ń fẹ́ ti pé. Síbẹ̀, ìṣòro tó tóbi jù lọ lára obìnrin ìlú náà kò tíì dé orí tábìlì ìpàdé, nítorí pé àwọn tí ìṣòro náà ń bá fínra kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ obìnrin ni kọ́kọ́rọ́ wà ní 1935, ọwọ́ obìnrin náà ni ó wà ní 1947. Àwọn tó wọ yàrá náà láti bá wọn pinnu ni ó yí padà. A kò fi èyí bu ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ kù, nítorí pé òun ni ó ṣílẹ̀kùn fún èkejì. Ohun tí a ń sọ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ tí obìnrin ń darí ni àwọn obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn ń darí.

Àwọn àpò ìrànwọ́ dé

Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ obìnrin ní Mexico ní 1975, títí dé èyí tí wọ́n ṣe ní Nairobi ní 1985, ariwo obìnrin gba ayé kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba àti àwọn àjọ ńlá ni owó ńlá ń gbà kọjá. Ẹgbẹ́ kékeré tó ń wá owó tí yóò fi san owó ilé àti owó ọkọ̀ kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Àlàfo yìí ni àwọn àpò ìrànwọ́ obìnrin wá dí.

Ní Amsterdam, ní 1983, obìnrin márùn-ún dá àpò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Mama Cash. Ọ̀kan nínú wọn, Marjan Sax, ti jogún owó ńlá. Dípò kí ó jókòó ti ogún rẹ̀, ó yá àpò náà ní owó láìgba èlé, èrè tí owó náà bá sì mú wá ni wọ́n fi ń ṣe ìrànwọ́. Tania Leon, tó wá láti Gúúsù Áfíríkà, wà lára àwọn márùn-ún náà. Wọ́n tún ń ṣe onídùúró ní báńkì fún àwọn obìnrin tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èsúsú, ọ̀rọ̀ onídùúró yìí kò lè ṣàjèjì sí yín.

Ní California, ní 1987, wọ́n dá Global Fund for Women sílẹ̀. Anne Firth Murray, ọmọ New Zealand, ni ó kọ́kọ́ darí rẹ̀, òun pẹ̀lú Frances Kissling àti Laura Lederer ni wọ́n sì jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nita Barrow, ọmọ Barbados tó ṣe kòkáárí àpérò àwọn ẹgbẹ́ aládàáni ní Nairobi ní 1985, bá wọn dá sí i. Ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ nígbà náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí oníṣirò owó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìdí wà fún ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Èkínní, ẹgbẹ́ ni wọ́n ń fún, kì í ṣe ènìyàn kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ ẹnìkan, ojú kan ṣoṣo ni ó ń ṣọ́ owó. Bí ẹni náà bá ṣàìsàn tàbí tó kó lọ sí ìlú mìíràn, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Èkejì, obìnrin gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ipò àṣẹ nínú ẹgbẹ́ náà tàbí ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ẹgbẹ́ kan lè máa kọ́ ọgọ́rùn-ún obìnrin ní aṣọ rírán, kí ó sì jẹ́ pé ọkùnrin méje ló jókòó sórí àga ìgbìmọ̀. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè máa ṣoore, ṣùgbọ́n bí owó bá tán lọ́la, àwọn obìnrin náà kò ní mọ bí a ṣe ń wá òmíràn, nítorí pé wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá èyí àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ń gba lẹ́tà ní èdè yòówù tí ẹgbẹ́ bá fi kọ ọ́, ìbáà jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìlànà yìí ni ó dùn mọ́ wa jù. Ẹni tó bá ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òun yóò kà ti ṣe àṣàyàn rẹ̀ kí lẹ́tà kan tó dé: ọ̀mọ̀wé ni ó yàn, kì í ṣe òṣìṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n ní olùdámọ̀ràn káàkiri ayé, àwọn obìnrin tó ń gbé ládùúgbò àwọn ẹgbẹ́ tó kọ̀wé. Wọn a béèrè lọ́wọ́ wọn pé: Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹgbẹ́ yìí? Ǹjẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ń ṣe wà lóòótọ́? Èsúsú nílò onídùúró tó mọ agboolé ènìyàn; olùdámọ̀ràn ni onídùúró tí àpò ìrànwọ́ rí nígbà tí òkun wà láàárín.

Ìpinnu súnmọ́ ilé

Síbẹ̀, ohun kan kù. Bí ó ti wù kí àwọn tó wà ní Amsterdam tàbí ní California láàánú tó, ọ̀nà jìn sí ọjà Ọjẹ̀. Àwọn obìnrin Áfíríkà tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù rí èyí. Àwọn ni wọ́n dá Akina Mama wa Afrika sílẹ̀ ní 1985. Ọmọ Yorùbá kan, Bísí Adélẹ́yẹ-Fáyẹmí, tí a bí ní Liverpool, tó sì kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní Yunifásítì Ifẹ̀, ni ó darí ẹgbẹ́ náà láti 1991 fún ọdún mẹ́wàá. Òun, Joana Foster ti Ghana àti Hilda Tadria ti Uganda ni wọ́n wá dá African Women's Development Fund sílẹ̀ ní 2000. Ìlú Accra ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ẹgbẹ́ lówó ní 2001. Òun ni àpò ìrànwọ́ àkọ́kọ́ tí obìnrin Áfíríkà ń darí fún ẹgbẹ́ obìnrin jákèjádò Áfíríkà.

Ẹ jẹ́ kí á rò nípa ohun tí ìyẹn yí padà. Ẹni tó ń ka lẹ́tà ní Accra mọ ohun tí ó túmọ̀ sí bí ẹgbẹ́ kan bá ní àwọn kò lè ṣe ìpàdé ní àkókò òjò. Ó mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹgbẹ́ àwọn opó àti ẹgbẹ́ tí ìyàwó olóṣèlú kan kó jọ nígbà ìdìbò. Kò sí ìwé ìṣirò tí yóò sọ èyí fún àjèjì. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó wà lókè òkun má sì ṣe sọ pé àwa kì í ṣe àjèjì. Ẹni tó ti lo ogún ọdún nílẹ̀ òyìnbó lè mọ ojú ọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n kò lè mọ ẹni tó di olórí ọjà lẹ́yìn tí ó lọ.

Èyí tó tuntun jù nínú ìtàn yìí ni ti FRIDA, àpò ìrànwọ́ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2010. Àwọn ẹgbẹ́ tó kọ̀wé béèrè owó ni wọ́n máa ń fún ní ìwé ìbéèrè àwọn ẹgbẹ́ yòókù láti agbègbè kan náà, tí wọn yóò sì dìbò yan àwọn tó tọ́ sí owó náà. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tó ń wá owó ni ó ń dìbò fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kí ni èsúsú bí kò ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn tó fẹ́ kó owó ni ó jọ ń pinnu ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó o.

Ọ̀rọ̀ oníṣirò owó

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé: “Ẹ̀yin akáńtáǹtì, ṣé ẹ̀yin náà ló ń sọ pé kí a fún ẹni tí kò ní ìwé owó?” Rárá o. Òfin àjọ aláàánú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dandan lé e pé kí àwọn alámòójútó lè fi hàn pé ohun tí a torí rẹ̀ dá owó jọ ni a ná an lé lórí, kódà bí a bá ná an sí òkè òkun. A kò gbọ́dọ̀ fi ojú àánú fo èyí. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ìwọ̀n ìwé tí a ń béèrè bá ìwọ̀n owó tí a ń fúnni mu. Bí a bá fún ẹgbẹ́ kan ní igba pọ́n-ùn, tí a sì ní kí ó san ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn fún ẹni tí yóò yẹ ìwé rẹ̀ wò, kí ni a fún un? Ìwé àjákọ aláwọ̀ ewé tí ọmọ iléèwé ń lò, tí a fi ìlà pín sí méjì, owó tó wọlé lápá kan, owó tó jáde lápá kejì, tí a ń kà sókè níwájú gbogbo ẹgbẹ́ lóṣooṣù, sàn ju ìwé olójú ewé ogójì tí ẹnìkan ṣoṣo lóye lọ.

Obìnrin náà lè jẹ gàba lórí obìnrin. A rí ẹgbẹ́ tí alága rẹ̀ kò yí padà láti ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ni akọ̀wé, tí àbúrò rẹ̀ sì ń mú ìwé báńkì lọ́wọ́. Olùdámọ̀ràn náà lè ṣojúsàájú fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi dára kí a béèrè lọ́wọ́ ènìyàn méjì tí kò mọ ara wọn, kí olúkúlùkù sì kọ́kọ́ sọ bóyá òun bá ẹgbẹ́ náà tan.

Owó púpọ̀ pẹ̀lú a máa ba ẹgbẹ́ jẹ́. Ẹgbẹ́ tó ń fi owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá gbéra, tí a wá da owó ìlọ́po mẹ́wàá lé lórí lọ́jọ́ kan, lè tú ká láàárín oṣù mẹ́ta. Àwọn tí kò wá sí ìpàdé rí yóò wá. Àwọn tó ti ń dá owó tẹ́lẹ̀ yóò dáwọ́ dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Kí a kọ́kọ́ fún wọn níwọ̀n tí wọn yóò lè gbé, kí a rí bí wọ́n ṣe lò ó, kí a tó fi kún un lọ́dún kejì.

Láti inú ìtàn tí a ti ń bá bọ̀ yìí, ìbéèrè márùn-ún ni a rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa máa béèrè kí ó tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ta ni ó ń fọwọ́ sí ìwé báńkì tàbí tí ó ń ṣí àpótí, ènìyàn mélòó sì ni wọ́n? Ìgbà wo ni ẹ yan olóyè yín kẹ́yìn, ta ni ó sì kúrò lórí oyè? Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, níbo ni ẹ ti pinnu rẹ̀, ṣé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn wà níbẹ̀? Kí ni ẹ̀yin fúnra yín ti dá sí i, ìbáà ṣe owó, ìbáà ṣe iṣẹ́, ìbáà ṣe ilẹ̀? Bí a kò bá fún yín ní nǹkan kan lọ́dún yìí, kí ni ẹ ó ṣe? Ìdáhùn sí èyí tó gbẹ̀yìn ni kí a fi etí sí jù. Ẹgbẹ́ tó bá sọ pé àwọn yóò máa bá iṣẹ́ lọ bí àwọn ti ń ṣe é ni ẹgbẹ́ tí owó wa yóò ràn lọ́wọ́ ní tòótọ́. Èyí tó bá ní àwọn yóò dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé nítorí owó wa ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀.

Kí a máa gba lẹ́tà ní Yorùbá, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú ọwọ́. Bí ẹgbẹ́ kò bá sì ní akọ̀wé, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó bá lọ sílé jókòó tì wọ́n, kí ó kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé sí wa ni kí a dá lóhùn, pàápàá àwọn tí owó kò kàn, kí a sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ẹgbẹ́ tó bá mọ ohun tó fà á tí a kò fi yàn án lè tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí tí a kò dá lóhùn yóò kàn gbà pé kò mọ ẹnikẹ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù ni.

Àwọn ọmọ wa tó ń dàgbà níhìn-ín ń wo bí a ṣe ń ná owó yìí. Lọ́la, àwọn ni yóò máa gbé igbá kiri. Bí wọ́n bá rí i pé ojúlùmọ̀ ni a fi ń yàn, wọn yóò kó owó wọn lọ sí ibòmíràn, a kò sì ní lè bá wọn wí. Bí wọ́n bá rí i pé a ń béèrè ìbéèrè tó tọ́, pé a ń ka ìṣirò sókè, pé ìyá tí kò mọ̀wé ní Ìṣẹ́yìn lè kọ̀wé sí wa ní èdè tirẹ̀ kí a sì kà á tọkàntọkàn, wọn yóò mọ̀ pé àwọn bá nǹkan nílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí Ẹlẹ́dàá má jẹ́ kí ọwọ́ wa kúrò nínú iṣẹ́ rere. Ire o.